"KỌ̀ǸPÚTÀ LÓ KỌ Ọ́": IRỌ́ NI, Ẹ MÁ GBÀ Á

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní gáréèjì àti lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, ó sì ti tó àkókò kí a dá a lóhùn. Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn síwájú òṣìṣẹ́, tí ó bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpínrọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn," èsì tí yóò gbà ni pé, "Bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn. Bákan náà ni ti gbogbo yín. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́, fọwọ́ sí i."

Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Awakọ̀ kan nínú ẹ̀ka wa gba danfo háyà-pọ́ṣéèsì lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó mú ìwé náà wá fún mi lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ sí i tán. (Kí ló dé tí ó fi máa ń jẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀yin èèyàn wa?) Ojú ìwé kìíní ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ó pé, ó péye. Ìgbà tí mo ṣí ojú ìwé kẹta ni mo rí i pé ẹni tí ó gba ọjà yìí kò gbọdọ̀ gbé "fíríìsà náà" kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìgba àṣẹ. Fíríìsà! Danfo tí ó ń ná Kétu sí Òbáléńdé ni wọ́n ní kí ó má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù! Ó hàn gbangba pé ìwé fíríìsà ẹlòmíràn ni wọ́n sọ di ìwé danfo, tí ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà pààrọ̀ orúkọ ọjà lójú ìwé méjì, tí ó sì gbàgbé ìkẹta.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ìwé kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé bí awakọ̀ bá jẹ owó ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, olówó ọkọ̀ lè wọ ọgbà ilé rẹ̀ lọ́sàn-án tàbí lóru láti gba ọkọ̀, kò sì ní dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Báwo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ìwé? Ó ti pẹ́ tí àwọn lọ́yà ti ní ìwé àwòkọ, kò sí èyí tí ó ń dá àdéhùn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, táípíìsì ni ó ń fi ọwọ́ tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì ṣìṣe, ó lè ní láti fa bébà náà ya kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ń gba ohun tí a tẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù, tí ó sì lè tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brigham Young, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, gbé WordPerfect kalẹ̀, àwọn lọ́yà ilẹ̀ wọn sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ òfin yunifásítì kan náà ni iṣẹ́ tí ó di HotDocs ti jáde. HotDocs yìí ń bá Word tàbí WordPerfect ṣiṣẹ́, ìbéèrè ni ó sì máa ń bi akọ̀wé: kí ni orúkọ òṣìṣẹ́? Ṣé gidi ni tàbí káṣúà? Oṣù mélòó? Bí akọ̀wé bá tẹ "káṣúà", ìpínrọ̀ owó ìfẹ̀yìntì lè pòórá, kí òmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀rọ kọ́ ló yọ ọ́. Ènìyàn kan, tí ọ̀gá sanwó fún, ló ti jókòó ṣáájú, tí ó ti pinnu pé bí èyí bá jẹ́ báyìí, kí tọ̀hún kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa kò tilẹ̀ nílò HotDocs. Microsoft Word lásán ti tó wọn. Fáìlì kan ṣoṣo á máa ti inú fláàṣì kan bọ́ sí òmíràn, láti ọ́fíìsì lọ́yà dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á máa yá ara wọn lò bí odó àdúgbò. Word tún ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń kó orúkọ 300 ènìyàn sínú lẹ́tà kan náà, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ ti dúró. Abala 11 nínú òfin iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Labour Act sọ iye nótíìsì tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1. Ẹni tí ó ti ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Láti ọdún 2 títí di ìgbà tí yóò pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù 1. Wàyí o, ọ̀gá tí ó ń fún ènìyàn ní lẹ́tà tuntun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ni ó ń wá? Ọjọ́ 1 yẹn ni ó ń wá! Ọkùnrin kan lè wà nídìí ẹ̀rọ kan náà fún ọdún 6, kí ó ní lẹ́tà 24 nílé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa pè é ní àlejò. Láyé táípúráítà, wàhálà ńlá ni kí a tẹ lẹ́tà 300 ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ní dán an wò. Lónìí, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ń dín ìnáwó kù. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ìnáwó kù fún?

Àwọn kan yóò ní mo ń bá kọ̀ǹpútà jà. Rárá o. Bí wọ́n bá kọ ìwé àwòkọ dáadáa, kò sí akọ̀wé tí yóò gbàgbé abala 7 Labour Act, tí ó ní kí ọ̀gá fi iye owó, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti nótíìsì sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù 3 tó pé. Kò sì ní gbàgbé abala 9, tí ó ní kò sí àdéhùn tí ó gbọdọ̀ sọ pé kí òṣìṣẹ́ má wọ ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ tí ó lè yọ ìpínrọ̀ lè fi ìpínrọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń pàṣẹ fún un ni kí a bá sọ̀rọ̀.

Fún ẹ̀yin awakọ̀, òfin háyà-pọ́ṣéèsì ti wà láti ọdún 1965. Ó ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé láàárín ọjọ́ 14. Ó ní ìpínrọ̀ tí ó fún olówó ọkọ̀ láṣẹ láti wọ inú ọgbà yín gba ọkọ̀ jẹ́ òfo. Bí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó náà, ìyẹn mílíọ̀nù 3 bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù 5, kò lè fi tipátipá gbà á, àfi kí ó gba kóòtù lọ. N kò ní tàn yín: bí ẹ bá jẹ sísan 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin gbà á láyè láti wọ́ ọkọ̀ lọ pa mọ́ títí kóòtù yóò fi dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nítorí wíwọ́ yẹn, òun ni yóò sanwó rẹ̀.

Àwọn tí kò kàwé kò gbọdọ̀ tijú. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tí ó dáàbò bo aláìmọ̀wé. Ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé gbọdọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ohun tí èyí sì túmọ̀ sí ni pé ó ti kà á fún un, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Kọ̀ǹpútà kò ní àdírẹ́sì. Ẹ béèrè orúkọ ènìyàn.

Mo ti mú un wá sí ìpàdé pé kí ẹ̀ka wa wá lọ́yà tí yóò bá wa kọ ìwé àwòkọ tiwa, ọ̀kan fún háyà-pọ́ṣéèsì, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́, kí ó wà nínú fláàṣì akọ̀wé ẹgbẹ́. Wọ́n ní kò sí owó. Owó wà fún ankó àjọ̀dún.

Ní ti ẹni wa tí ó ní danfo, a bá a kọ̀wé sí olówó ọkọ̀, a sì sọ fún un pé bí kò bá dáhùn, a ó gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, níbi tí wọn kì í gba owó láti parí ìjà. Kò pé ọjọ́ méjì tí ìwé tuntun fi dé. Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kò ṣeé yí padà! Wọ́n ti yọ fíríìsà. Ìpínrọ̀ wíwọ ọgbà lóru ṣì wà níbẹ̀. A ti fi bírò fà á, a sì ti dá ìwé náà padà.