Ẹ Jẹ́ Kí Oògùn Wá Bá Aláìsàn

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gba oògùn lọ́wọ́ awakọ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí yóò yé e. Ní Mgbuoba níhìn-ín, ní Port Harcourt, obìnrin ará Ẹ̀gbá kan ní ọmọkùnrin tí àrùn ọpọlọ líle ń bá jà. Clozapine ni ó mú un bọ̀ sípò lẹ́yìn tí àwọn oògùn mìíràn ti kùnà. Gbogbo kẹ́místì tí ìyá náà wọ̀ ni kò ní in. Abẹ́òkúta ni àbúrò rẹ̀ ti ń fi í ránṣẹ́.

Ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà ní ìgbà kan, oògùn sì pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin. Oògùn yìí kì í ṣe ti ibà. Bí aláìsàn bá fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ, ìwọ̀n kékeré ni dókítà yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí ó lè dín ohun tí ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ kù.

Àwọn kan ní kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọjà rẹ̀ ńkọ́? Ní 1954, nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aro, ilé àwọn ará abúlé ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹbí ọmọ yìí, Mgbuoba ni wọ́n wà.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 ti wà nílẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ máa kó oògùn olóṣù mẹ́ta pamọ́ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ìyá náà tún ń lọ dúró ní gáréèjì.