Ojú Inú Nínú Kíláàsì Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ti fa òwe yìí wọ kíláàsì iṣẹ́ ọnà ju bí ó ti yẹ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá ríran, a ó ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń yàwòrán. Àánú ni a pè é; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fi ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a wo Eşref Armağan, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tí a bí ní ọdún 1953. Kò ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, síbẹ̀ ayàwòrán ni. Ìka ni ó fi ń kun ọ̀dà. Ó di ìgbà tí àwọ̀ kan bá gbẹ kí ó tó kun òmíràn, kí wọ́n má baà dàpọ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Èyí tí ọwọ́ kò ká, ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ríran, ó sì fi í sọ́kàn. John Kennedy ti Yunifásítì Toronto yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé ohun tó jìnnà ń kéré sí i nínú àwòrán rẹ̀, gan-an bí ó ti ń rí lójú ẹni tó ríran.

Ti Sargy Mann, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀. Ogbóǹtarìgì ayàwòrán ni kí ojú rẹ̀ tó fọ́ pátápátá ní ọdún 2005. Ìrántí àwọ̀ kò bá ojú lọ. Ó ń lẹ nǹkan rírọ̀ mọ́ kánfáàsì láti fi sàmì síbi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, kí ọwọ́ lè tọ́ ọ sọ́nà. Kò dáwọ́ dúró títí ó fi kú ní ọdún 2015.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a máa ń dúró kí ọmọ tó ríran fi ẹ̀bùn hàn kí a tó fún un ní pẹ́ńsù?

Ohun tí a nílò kò wọ́n: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù tí yóò mú ilà yọ lójú páálí, àti igbá tàbí ìkòkò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fọwọ́ yẹ̀ wò kí ó tó yà á. Kí olùkọ́ sì kọ́kọ́ bèèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà ríran rí; ẹni tó ní ìrántí àwọ̀ àti ẹni tí kò ní in kò gba ìtọ́sọ́nà kan náà.

Yorùbá kò ṣèṣẹ̀ mọ̀ pé ojú inú wà. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọ́ ní kíláàsì yín.