Fíìmù Eré Orin: Ohùn Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Tọ́jú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí fíìmù eré orin. Òǹkọ̀wé yín ní kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ni olórí ohun tí a nílò, àti pé fíìmù àtijọ́ kò wúlò mọ́. Ó ní ìròyìn kò tó àfojúbà. N kò bá a gbà, nítorí pé etí la fi ń gbọ́ orin.

Ẹ wo Woodstock, eré rọ́ọ̀kì tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún 1969. Fíìmù tín-ín-rín, mìlímítà 16, ni wọ́n lò, wọ́n sì fẹ àwòrán náà kó lè tó ojú sinimá. Ó ń ṣe bàìbàì láwọn ibì kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n téèpù ọlọ́nà 8 ni wọ́n fi gba ohùn, kí wọ́n lè to gìtá, ìlù àti ohùn olórin pọ̀ lẹ́yìn tí ariwo bá ti rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gìtá Carlos Santana fi ń dún ketekete dòní.

Santana yìí kan náà ṣeré ní Accra lọ́jọ́ 6 oṣù kẹta 1971, níbi tí wọ́n ti ya fíìmù Soul to Soul. Nínú rẹ̀, igbá tí Amoa Azangeo ń mì kò sọnù sábẹ́ dùùrù Les McCann àti fèrè Eddie Harris.

Níhìn-ín ní Oko-Akarè, mo wo fíìmù òru ẹ̀fẹ̀ kan, ìyẹn òru orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Máìkì orí kámẹ́rà nìkan ni ayàwòrán gbójú lé, ẹ̀gbẹ́ sípíkà ló sì dúró sí. Ìlù bo orin mọ́lẹ̀. Agbo hó yèè, a kò mọ ọ̀rọ̀ tó fà á. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin sì rèé, aṣọ ló dà bojú, ètè rẹ̀ kò hàn. Bí ohùn bá ti lọ, kò sóhun tí ojú lè ṣe sí i. Àwòrán náà mọ́ gbòò, ṣùgbọ́n orin ti ṣègbé. Àṣà àtẹnudẹ́nu sì ni UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí nígbà tó bu ọlá fún un ní 2001.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń náwó sí irú fíìmù bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ ohùn gbà, kí máìkì olórin yàtọ̀ sí ti onílù, kí ẹni náà sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù ni kí wọ́n fi wá kámẹ́rà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oko-Akarè, Adja-Ouèrè.