Ẹ̀yáwó báńkì ni yóò sọ bí Kumasi yóò ṣe rí lọ́la

Nígbà tí omíyalé bá ṣọṣẹ́ ní Kumasi, tàbí tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kòkó gbẹ lórí igi ní ẹkùn Ashanti, ẹni tó gé igi, ẹni tó ń wa góòlù àti ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ni aráyé máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹnìkan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà jẹyọ: ẹni tó yá wọn lówó. Ó ṣòro kí ilé iṣẹ́ ńlá tó ra ẹ̀rọ ìlagi, kó tó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, tàbí kó tó ra ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù láìjẹ́ pé báńkì lọ́wọ́ sí i. Ibi tí báńkì bá kọjú owó sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ń kọjú sí.

Báńkì àpapọ̀ Ghana mọ èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó gbé ìlànà méje jáde lórí bí àwọn báńkì ṣe gbọ́dọ̀ máa ro ti àyíká àti ará ìlú mọ́ iṣẹ́ wọn. Nàìjíríà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2012, mẹ́sàn-án ni ìlànà tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ghana tún fi àṣẹ mìíràn lé e, èyí tó dá lórí ewu tí àyípadà ojú ọjọ́ lè kó bá owó báńkì. Ìwé ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kí ìwé náà dé orí tábìlì tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ẹ̀yáwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Báńkì tó yá oníṣòwò kòkó lówó ti fi owó náà lé òjò lọ́wọ́. Bí òjò bá kùnà, gbèsè náà yóò kùnà pẹ̀lú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ igi. Òfin tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé kòkó tàbí pákó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́gi lé e. Ilé iṣẹ́ ìlagi tí kò bá lè fi ibi tí gẹdú rẹ̀ ti wá hàn yóò pàdánù oníbàárà, báńkì tó yá a lówó yóò sì pín nínú àdánù náà.

Kí ló wá fà á tí owó kò fi tíì yí ọ̀nà padà? Èlé ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, èlé tí báńkì àpapọ̀ Ghana fi ń darí ọjà owó dé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ètò pàṣípààrọ̀ gbèsè tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ti dá ọgbẹ́ sí àwọn báńkì lára, nígbà tí ọdún 2023 sì fi parí, ó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yáwó wọn tó ti ń ṣòro gbà padà. Báńkì tó ń ṣọ́ra báyìí yóò kúkú yá ìjọba lówó fún oṣù mẹ́ta ju kó yá oníṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún márùn-ún.

Ẹni tí èyí ń dùn jù ni ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa. Owó gọbọi ni ènìyàn ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó ní sólà, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi dá owó náà padà. Jẹnẹrétọ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo rẹ̀ ń jẹni lówó lójoojúmọ́. Bí ẹ̀yáwó bá jẹ́ ti ọdún kan péré, tí èlé rẹ̀ sì ga, jẹnẹrétọ̀ ni oníṣirò yóò yàn. Bẹ́ẹ̀ ni èlé ṣe ń di èéfín.

Ewu kejì wà fún àwọn kéékèèké. Ní Suame Magazine, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ ló ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń sọ irin àlòkù di ohun èlò tuntun. Ní Sokoban, níbi tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ igi lọ láti Anloga, káfíńtà pọ̀ bí eṣú. Bí ìlànà báńkì bá di kìkì fọ́ọ̀mù kíkún, ilé iṣẹ́ ńlá yóò gba agbaṣẹ́ṣe tí yóò kún un fún un. Káfíńtà tí kò ní ìwé kankan yóò padà sídìí susu, tí àwọn Yorùbá ń pè ní èsúsú, tàbí sọ́dọ̀ olówó ṣogún-dogójì. Ọ̀kan nínú ìlànà méje Ghana sọ pé kí báńkì fa ará ìlú gbogbo mọ́ra. Kò yẹ kí wọ́n tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀ nítorí àti mú àwọn yòókù ṣẹ.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Kí báńkì má ti ilẹ̀kùn mọ́ onígẹdú, nítorí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Kí ó yá a lówó ọlọ́jọ́ gígùn ní èlé tó dín kù, bí ó bá gbà láti máa fi ìdí gẹdú rẹ̀ hàn, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí ó bá yẹ àdéhùn, kí èlé gòkè. Kí ẹni tó ń fi katakata ìwalẹ̀ háyà pẹ̀lú sọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ kó tó gba owó. Galamsey ti sọ odò Offin di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀, lágbègbè Dunkwa, odò yẹn kan náà ló sì ń bọ́ ìsédò Barekese tí Kumasi ti ń rí omi mu.

Kí gbogbo báńkì sì máa kéde iye tí wọ́n yá ilé iṣẹ́ ìwakùsà, onígẹdú àti elépo. Access Bank, GTBank, UBA àti Zenith tó wá láti Nàìjíríà wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 2019, Access Bank ta ìwé owó bílíọ̀nù 15 náírà ní Nàìjíríà fún iṣẹ́ tí kò ba àyíká jẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ní Èkó kò yẹ kó ṣòro ní Kumasi.

Àwọn kan yóò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi èéfín di olówó, kí ló dé tí Áfíríkà yóò fi san gbèsè wọn? Òótọ́ ni, kí wọ́n sì san tiwọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé san ó lé ní mílíọ̀nù 4.8 dọ́là fún Ghana nítorí igbó kòkó tí wọn kò jẹ́ kó run. Ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sì tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ Yúróòpù kò ní kí omi Barekese tòrò fún ọmọ Kumasi. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ó yẹ kí ẹni tó yá agégi lówó àáké náà fi ro ara rẹ̀ wò.