Ẹni Tó Mọ Ìwé Ni Kó Kọ Àlàyé Irinṣẹ́

Ní ọdún 1824, nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé ìlú Sókótó, Sultan Muhammad Bello ya ipa Odò Ọya sórí iyanrìn fún un, ó sì ní odò náà wọ òkun ní Fúndà. Nǹkan mìíràn ló wà lórí àwòrán tí Clapperton gbé lọ sílé. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé odò náà dé Íjíbítì, pé òun ni wọ́n ń pè ní Náílì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní London lọ́dún 1826. Àwọn tó kà á lọ́hùn-ún kò sí níbi iyanrìn. Ohun tí wọ́n kọ sára bébà nìkan ni wọ́n rí. Ó di 1830 kí Richard Lander, tó ti jẹ́ ìránṣẹ́ Clapperton, àti John àbúrò rẹ̀ tó tọ odò náà dé òkun, kí awuyewuye nípa ibi tí odò náà ń lọ tó parí.

Irú ipò tí àwọn ará London yẹn wà ni ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ lórí fáìlì wà lónìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni OpenAI ti jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa fún ẹ̀rọ ní irinṣẹ́ tó lè pè fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà MCP, tó ń so ẹ̀rọ AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́, jáde. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń rí: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tó gbọ́dọ̀ gbà kó tó ṣiṣẹ́. Kì í rí inú irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àlàyé yẹn ló fi ń pinnu èyí tí yóò mú, ìgbà tí yóò mú un, àti bí yóò ṣe lóye èsì tó bá ti ibẹ̀ jáde.

Sókótó kì í ṣe ibi tó rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Ilé ìtọ́jú ìwé ìtàn tí wọ́n fi orúkọ Waziri Junaidu pè wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ìwé àfọwọ́kọ ayé ìjọba tí Shehu Usman dan Fodio dá sílẹ̀ wà. Òmíràn jẹ́ Lárúbáwá, òmíràn jẹ́ ajami, ìyẹn Fúlàní tàbí Haúsá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Nana Asma'u, ọmọ Shehu, kọ ewì ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ká ní olùwádìí kan ní Ìlọrin kọ ímeèlì sí irú ilé ìtọ́jú ìwé bẹ́ẹ̀, tó so fáìlì lẹ́tà àtijọ́ kan mọ́ ọn, tó ń béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ AI ló kọ́kọ́ gbà á. Àlàyé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju “Ó ń ka fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà” lọ. PDF ni fáìlì náà lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò ojú ìwé ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí irinṣẹ́ lè fà yọ. Òfìfo ló dá padà. Ẹ̀rọ bá dá olùwádìí lóhùn pé kò sí nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀. Irinṣẹ́ kò bàjẹ́, ẹ̀rọ kò sì gọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé fọ́tò ló lè fa òfìfo náà.

Àlàyé tó dáa ì bá kà báyìí: “Lo èyí fún PDF tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ títẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì ni kí o fún un, má ṣe fún un ní orúkọ fáìlì, nítorí fáìlì méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Bí èsì bá ṣófo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́tò: pe irinṣẹ́ tó ń ka àwòrán, má sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò lè ka ìwé àfọwọ́kọ.” Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò dí ojú àṣìṣe kan.

Irinṣẹ́ tó ń ka àwòrán náà nílò àlàyé tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé Magribi, tí ti àwọn àáfà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá mu níbi àwọn àmì yìí, àmì kan ló ń wà lábẹ́ fa, ọ̀kan sì ń wà lórí qaf. Nínú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Káírò, àmì kan lórí ni fa, méjì lórí ni qaf. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ìwé Káírò nìkan kọ́ lè ka qaf Sókótó sí fa láìṣiyèméjì. Bó bá bá ajami Haúsá pàdé, yóò fẹ́ sọ ọ́ di Lárúbáwá tipátipá.

Ọdún náà ń kọ́? 1218 tó bá wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọdún Híjírà ni. Ó bọ́ sí 1803 sí 1804, ìgbà tí Shehu Usman dan Fodio kó kúrò ní Degel lọ sí Gudu. Bí àlàyé irinṣẹ́ bá kàn ní kí ẹ̀rọ kọ “ọdún” síbẹ̀, ìwé náà lè fi ọdún 586 ṣáájú ìgbà tí wọ́n kọ ọ́.

Àwọn kan ń jiyàn pé àlàyé gígùn ń jẹ owó, pé ẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbọ́n ju ti ìsinsìnyí lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Àmọ́ kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọ́n tó tí yóò fi mọ irú ìwé tí wọ́n fi kọ́ irinṣẹ́ kan bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un. Bí wọ́n bá ń wá ohun tí wọ́n máa gé, kí wọ́n gé ìyìn: “ó yára, ó lágbára” kò ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti yan nǹkan kan.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 1995, òpìtàn John Hunwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkójọ ìwé Lárúbáwá agbègbè àárín gbùngbùn Súdáànì, tí Sókótó wà nínú rẹ̀, jáde. Ẹni tó kọ ìwé àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ló kún inú rẹ̀, kí ẹni tí kò lè dé Sókótó má baà ṣìnà. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àlàyé irinṣẹ́ ń fẹ́.

Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí fún ìwé àtijọ́ mú olùtọ́jú ìwé jókòó ti ẹni tó ń kọ ètò. Kí wọ́n fi PDF títẹ̀ kan, fọ́tò kan àti lẹ́tà ajami kan dán an wò, kí wọ́n kọ irinṣẹ́ tó mú sílẹ̀. Bó bá mú èyí tí kò yẹ, àlàyé ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, níbi tí iye owó wà, ẹni tí yóò máa tún àlàyé náà kọ nígbàkígbà tí irinṣẹ́ bá yí padà.