Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e dé iwájú adájọ́, adájọ́ yóò bèèrè ẹ̀rí. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló tú tọkọtaya kan sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní orílẹ̀-èdè Íńdíà lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ti sọ pé àwọn ni wọ́n pa ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Aarushi Talwar ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún 13 ni, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó pé 14. Dókítà eyín ni Rajesh, bàbá rẹ̀, àti Nupur, ìyá rẹ̀. Noida, nítòsí Delhi, ni wọ́n ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, wọ́n bá òkú ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ti gé e lọ́rùn. Hemraj, ọmọ ilẹ̀ Nepal tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti di àwátì. Kíá làwọn ọlọ́pàá ní òun ni apààyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àṣé òkè ilé náà ló wà. Ilẹ̀kùn tó lọ sórí òrùlé wà ní títì, kò sì sẹ́ni tó já a lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bá òkú òun náà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aládùúgbò, ẹbí àti oníròyìn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n sì ń tẹ ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá táwọn ọlọ́pàá fi mú bàbá ọmọ náà. Wọ́n pe àwọn oníròyìn jọ, wọ́n sọ ohun tí wọn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa ìwà ọmọbìnrin tó ti kú. Tẹlifíṣàn gbé e kárí orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí CBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, gba iṣẹ́ náà, wọ́n yíjú sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan, ṣùgbọ́n wọ́n tú wọn sílẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2010, CBI ní ẹ̀rí kò tó, kí wọ́n pa fáìlì náà dé. Ilé ẹjọ́ kọ̀, ó ní kí bàbá àti ìyá wá jẹ́jọ́. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní Ghaziabad rán wọn lẹ́wọ̀n gbére lórí ikú Aarushi àti Hemraj.

Ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbára lé ni pé èèyàn mẹ́rin ló sùn nínú ilé náà, méjì kú, kí méjì tó ṣẹ́kù wá ṣàlàyé. Tọkọtaya náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Allahabad. Adájọ́ B. K. Narayana àti A. K. Mishra ní ẹni tó fẹ̀sùn kàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ẹlòmíì kò lè wọlé lóru ọjọ́ náà, kó tó di pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò ṣàlàyé. Olùpẹ̀jọ́ kò rí i fi hàn. Àpò ìrọ̀rí kan tún wà tí wọ́n rí nínú yàrá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ìwé àyẹ̀wò kan ní ẹ̀jẹ̀ Hemraj wà lára rẹ̀. CBI ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Adájọ́ Mishra fi adájọ́ tó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà wé ẹni tó ń darí fíìmù, tó ń so ohun tó fọ́n káàkiri pọ̀ di ìtàn kan.

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wà lẹ́wọ̀n Dasna, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Ìdájọ́ yìí kò sọ ẹni tó pààyàn. Ìyàwó Hemraj àti CBI gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, torí òun náà pàdánù ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni ìròyìn ń dárúkọ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, Abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dé. Nítorí náà, bí irú aburú yìí bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, ẹ má ṣe wọ yàrá náà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì pín fọ́tò kiri. Ẹ̀rí tí èrò bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilé ẹjọ́ lè wá a fún ọdún mẹ́wàá kó má rí i, ẹni tó pa ọmọ á sì máa rìn kiri.