Orúkọ àti Nọ́ńbà Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà a máa ráhùn pé èdè tí ó ń bèèrè irú ohun tí nǹkan jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ìráhùn náà a máa pọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan enum, èyíinì ni àkójọ orúkọ mélòó kan tí a ti là sílẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ẹ̀rọ kò mọ Ọjọ́ Ajé; nọ́ńbà ni ó ń tọ́jú dípò rẹ̀. Nínú èdè C#, Ọjọ́ Àìkú ni 0, Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni 6.

Àti sọ orúkọ di nọ́ńbà kò léwu, nítorí kò sí orúkọ tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Pascal, èdè tí Niklaus Wirth ará Switzerland gbé jáde ní 1970, ti ṣe ọ̀nà fún un. Àti sọ nọ́ńbà padà di orúkọ ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Ọjọ́ wo ni ń jẹ́ 9? Síbẹ̀, bí ènìyàn bá pàṣẹ pé kí C# sọ 9 di ọjọ́, yóò gbà láìbèèrè ohunkóhun, ọjọ́ tí kò sí yóò sì máa rìn káàkiri inú iṣẹ́ náà. Èdè Rust, tí ẹ̀dà rẹ̀ kìn-ín-ní jáde ní 2015, jẹ́ kí orúkọ di nọ́ńbà wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò fi irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń padà bọ̀: òǹkọ̀wé ní láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nọ́ńbà náà kò bá ní orúkọ. Rust ni ó tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ ń mú ìwé gùn.

Ewu kan wà tí ó farasin jù èyí lọ. Bí rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní orúkọ mẹ́ta, Ó Wá, Kò Wá, àti Ó Ń Ṣàìsàn, nọ́ńbà wọn yóò jẹ́ 0, 1 àti 2. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnìkan fi Ó Pẹ́ há àárín méjì àkọ́kọ́. Nọ́ńbà tí ó ti wà nínú àpamọ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí. Ìsáǹsá ọdún tí ó kọjá di ẹni tí ó kàn pẹ́. Ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn sì di ìsáǹsá. Rust pàápàá kò ní í rí i, nítorí 2 ní orúkọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì fún Ó Pẹ́ ní 3, ni yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹgba.